Ìdí tí ìwọ̀n klórínì fi ń yí padà bí prẹ́ṣọ̀ páìpù bá ń lọ tó ń bọ̀

Ìbéèrè: "Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mò ń bójú tó. Bọ́síta, ìyẹn pọ́ǹpù ńlá wa, ń ti omi gba inú fílítà oníyanrìn lọ sí táǹkì ńlá, lítà 6,000 ní wákàtí kan, prẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ sì ń rìn láàárín bar 2 sí bar 4 (bar ni wọ́n fi ń ka prẹ́ṣọ̀). Pọ́ǹpù kékeré oníawọ kan ló ń ti omi klórínì sínú páìpù náà ṣáájú fílítà. Bí a bá ki họ́ọ̀sì rẹ̀ bọ inú ife, mílílítà 20 ló ń dà síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kò lé kò dín. Ṣùgbọ́n tí a bá ti so ó mọ́ páìpù, a kì í rí ìwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn klórínì á pọ̀ jù, nígbà mìíràn a ò ní rí i rárá, bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù ń lù bó ṣe ń lù. Ilẹ̀ á tún mọ́, a ó rí i pé omi inú ike klórínì ti fà sílẹ̀ lóru, nígbà tí a ti pa gbogbo ẹ̀rọ. Ẹni tó tà á fún wa ní ká ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ṣé ká rà á?"

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Èyí tó tóbi á ṣe ohun tí kékeré ń ṣe gan-an, àṣìṣe rẹ̀ á kàn tóbi sí i ni. Ife tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n ló ń tàn yín jẹ. Kò sí prẹ́ṣọ̀ kankan lẹ́nu ife. Bar 2 sí 4 ló ń dúró de pọ́ǹpù yín lẹ́nu páìpù, èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé kì í dúró sójú kan. Prẹ́ṣọ̀ gíga kì í ṣe ọ̀tá pọ́ǹpù oníawọ, bí kò bá ti kọjá èyí tí wọ́n kọ sí i lára. Prẹ́ṣọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀.

Ẹ wo inú orí pọ́ǹpù náà. Awọ rọ́bà kan ló wà níbẹ̀ tí òòfà oníná ń tì síwájú, tí sípíríǹgì sì ń dá padà. Fáàfù méjì ló ṣọ́ ọ, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tí omi ń gbà wọlé, ọ̀kan lókè níbi tó ń gbà jáde. Bọ́ọ̀lù kékeré tó jókòó sórí òrùka ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí awọ bá fà sẹ́yìn, ti ìsàlẹ̀ á ṣí. Bó bá tì síwájú, ti ìsàlẹ̀ á pa, ti òkè á ṣí. Ti òkè yìí kò sì ní ṣí láéláé àfi tí prẹ́ṣọ̀ inú orí pọ́ǹpù bá borí ti inú páìpù. Nínú ife, bí awọ bá ṣe mira báyìí ni fáàfù òkè ti ṣí. Lẹ́nu páìpù, awọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ohun tó wà nínú orí pọ́ǹpù títí prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ á fi ga ju ti páìpù lọ, kí ẹ̀kán omi kan tó jáde. Apá kan nínú ìtì awọ ń ṣòfò sórí iṣẹ́ yẹn. Awọ fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ bí prẹ́ṣọ̀ bá kọjú sí i, àwọn bọ́ọ̀lù náà ń jẹ́ kí díẹ̀ padà kí wọ́n tó jókòó dáadáa. Bí orí pọ́ǹpù bá kún fún omi nìkan, òfò yìí kì í pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní pọ́ǹpù yín ń lù ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé mílílítà 0.2 ni ìtì kọ̀ọ̀kan, òun ló ń di 20 yẹn. Ká wá ní afẹ́fẹ́ mílílítà 0.1 há sínú orí pọ́ǹpù, èyí tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Níbi tí géèjì, ìyẹn aago tó ń ka prẹ́ṣọ̀, bá ti kọ bar 2, bar 3 ni prẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ ní tòótọ́, torí pé afẹ́fẹ́ ayé fúnra rẹ̀ wúwo tó bar 1. Nítorí náà awọ gbọ́dọ̀ fún afẹ́fẹ́ náà kù sí ìdá mẹ́ta kí fáàfù òkè tó ṣí. Ìyẹn jẹ mílílítà 0.067 nínú ìtì náà, 0.133 ló kù tó jáde, ó di mílílítà 13 ní ìṣẹ́jú kan. Bí géèjì bá gun bar 4, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kù sí ìdá márùn-ún, òfò á di 0.08, ohun tó ń jáde á di 12. Ẹ wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà tó 0.25. Ní bar 2, mílílítà 3 péré ló ń jáde. Ní bar 4, òdo ni. Awọ ń lọ, awọ ń bọ̀, ó ń fún afẹ́fẹ́ kan náà ó sì ń tú u sílẹ̀, etí yín ń gbọ́ ìlù rẹ̀, kò sì sí klórínì kankan tó wọ páìpù. Ẹ ki họ́ọ̀sì pọ́ǹpù yìí kan náà bọ inú ife, mílílítà 20 lẹ ó rí, torí pé nínú ife kò sí ẹni tó ní kí afẹ́fẹ́ náà sún kì.

Níbo ni afẹ́fẹ́ ti wá? Ọ̀nà méjì. Èkíní, omi klórínì fúnra rẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Oòrùn àti ooru ń mú kó yá, irin àti bàbà náà ń mú kó yá, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ fi fáàfù bàbà tàbí agolo onírin sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ìsopọ̀ họ́ọ̀sì tó ń fa omi wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé pọ́ǹpù yìí sórí ìdérí ike klórínì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fífà ló ń fa omi gòkè, bí nọ́ọ̀tì ibẹ̀ bá sì dẹ̀ díẹ̀, omi kò ní jò síta kí ẹ rí i. Afẹ́fẹ́ ló ń jò wọlé. Ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ibi tó ń jò kí ẹ má rí ẹ̀kán kan.

Ẹ gbé ike náà síbi tí oòrùn kò dé. Bí ààyè bá wà, ẹ gbé pọ́ǹpù sí ẹ̀gbẹ́ ike, ní ìsàlẹ̀ ojú omi, kí omi máa ṣàn wá bá a dípò kó máa fà á. Kí họ́ọ̀sì tó ń fa omi kúrú, kó má ṣe gùn sókè kó tún sọ̀ kalẹ̀ níbì kankan, torí orí òkè kékeré bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń gbára jọ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn bọ́tìnnì tí ẹ fi ń yí ìwọ̀n. Ọ̀kan wà fún gígùn ìtì, ọ̀kan wà fún iye ìgbà tó ń lù. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwọ̀n kéré sábà máa ń yí gígùn ìtì wálẹ̀, àṣìṣe ńlá nìyẹn níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà. Ìtì kúkúrú kò lágbára láti fún afẹ́fẹ́ tó kí fáàfù tó ṣí. Ẹ fi ìtì sí 80 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wá dín iye ìgbà tó ń lù kù. Kò sí ìdí kankan tí ìtì fi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 30. Bí orí pọ́ǹpù yín bá ní fáàfù kékeré tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so họ́ọ̀sì rẹ̀ padà sínú ike, kí ẹ sì máa tú u láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ti òru. Fáàfù méjèèjì inú pọ́ǹpù yìí ọ̀nà kan náà ni wọ́n kọjú sí, láti ike lọ sí páìpù. Ohun tí wọ́n ń dènà ni kí omi má padà. Wọn ò dènà kó máa lọ. Bí bọ́síta bá kú, tí prẹ́ṣọ̀ páìpù wálẹ̀ sí òdo, tí ojú omi inú ike klórínì sì ga ju ibi tí ó ti wọ páìpù lọ, omi klórínì á gbé bọ́ọ̀lù méjèèjì sókè fúnra rẹ̀, á sì máa ṣàn lọ bí ìgbà tí èèyàn fi họ́ọ̀sì fa pẹtiróòlù jáde nínú ọkọ̀. Kò nílò iná, kò nílò awọ. Òun ni omi àkọ́kọ́ ìdájí yín fi ń rùn bí èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Bákan náà ló máa rí bó bá jẹ́ iwájú bọ́síta, níbi tó ti ń fa omi, ni wọ́n so ó mọ́. Fífà bọ́síta á máa fa klórínì jáde ní tirẹ̀. Ẹ̀yìn bọ́síta ni kó ti máa wọlé nígbà gbogbo.

Ohun tó ń wo ọ̀rọ̀ méjèèjì sàn, ti ìwọ̀n tó ń yí àti ti òru, ohun kan náà ni: fáàfù tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bákì-prẹ́ṣọ̀. Awọ àti sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdè tí ẹ ó fi máa mú sípíríǹgì le. Kò ní jẹ́ kí omi kọjá títí prẹ́ṣọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù á fi tó iye tí ẹ mú un le dé. Bí prẹ́ṣọ̀ páìpù yín kò bá ju bar 4 lọ rí, ẹ fi fáàfù yìí sí bar 5. Láti ọjọ́ yẹn, bí páìpù wà ní bar 2, bí ó wà ní 4, bí bọ́síta tiẹ̀ kú, bar 5 ni pọ́ǹpù yín ń bá jà, lójoojúmọ́, ní gbogbo ìtì. Ìwọ̀n tó ń jáde lè kéré díẹ̀ ju ti inú ife lọ, kò burú, ẹ ó fi kún iye ìgbà tó ń lù, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ẹ padà sí ìṣirò òkè yẹn. Mílílítà 0.25 tó fún yín ní 3 ní bar 2 kò ní fún yín ní ohunkóhun ní bar 5. Ẹni tó bá fi fáàfù yìí sí pọ́ǹpù tí afẹ́fẹ́ kún orí rẹ̀ á ní fáàfù ló ba nǹkan jẹ́.

Bí ẹ ó ṣe tò ó nìyí, láti pọ́ǹpù lọ sí páìpù. Ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù gan-an ni ẹ ó fi rìlíìfù fáàfù sí, tí ẹnu rẹ̀ á padà sínú ike, tí ẹ ó fi sí bar 6 àtààbọ̀ tàbí 7, kó má ṣáà kọjá iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù. Kì í ṣe fáàfù yìí ni bákì-prẹ́ṣọ̀ o, ẹ má fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Òun ló ń gba pọ́ǹpù là bí ẹnìkan bá gbàgbé tó ti fáàfù iwájú. Géèjì ló tẹ̀lé e, irú èyí tí awọ ike dènà omi klórínì mọ́ ọn, torí klórínì máa ń jẹ bàbà inú géèjì lásán láàárín oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn géèjì ni bákì-prẹ́ṣọ̀, kó sún mọ́ páìpù bó bá ti lè ṣeé ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fáàfù tí ẹ lè tì, kó tó kan ọ̀pá kékeré tó ń tú klórínì sí àárín páìpù, kó má jẹ́ sí etí rẹ̀. Kí ọ̀pá yìí ní bọ́ọ̀lù àti sípíríǹgì tirẹ̀ kí omi páìpù má padà wọlé.

Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ tún ra ìgò tó ń pa ìlù pọ́ǹpù rọlẹ̀, èyí tí rọ́bà inú rẹ̀ kún fún nitrójìn. Fún pọ́ǹpù yín, ẹ fi owó yẹn jẹun. Ìgò bẹ́ẹ̀ wúlò fún pọ́ǹpù tó ń ti lítà ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan gba páìpù gígùn. Nínú pọ́ǹpù olórí kan tí mọ́tò ń yí, omi tó ń sáré jáde ní àárín ìtì máa ń tó ìlọ́po 3.14 ìwọ̀n tí ẹ ń kà, òun ló ń mi páìpù. Bí ẹ bá dé irú ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ìgò náà gba ìlọ́po 15 sí 25 ìtì kan, kó wà láàárín pọ́ǹpù àti bákì-prẹ́ṣọ̀, kí gáàsì inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún prẹ́ṣọ̀ iṣẹ́. Ní bar 5, bar 4 nìyẹn, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ fi sí i nígbà tí kò bá sí prẹ́ṣọ̀ kankan nínú páìpù. Àwọn pọ́ǹpù tó tún ju ìyẹn lọ, irú èyí tí àwọn elépo rọ̀bì ń lò, epo ni wọ́n fi há ẹ̀yìn awọ kó má bàa tẹ̀. Ìlànà API 675, ti àjọ àwọn elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, tó wà fún wọn béèrè pé kí ìwọ̀n wọn má yà ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ bí gbogbo nǹkan bá dúró sójú kan. Ẹ kò nílò ìyẹn fún pọ́ǹpù olóòfà yín.

Ṣáájú kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, ìyẹn ní ẹ̀gbẹ́ tó ti ń fa omi, nígbà tó so mọ́ páìpù. Ike gígùn tó ní ìlà mílílítà lára ni wọ́n ń tà fún un. Bí ẹ kò bá rí i, abẹ́rẹ́ ìgùn ńlá mílílítà 60 tí ẹ ti fa ọ̀pá rẹ̀ yọ á ṣe é, kí ẹ gbé e dúró, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ mọ́ họ́ọ̀sì láàárín ike klórínì àti pọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ kí omi klórínì kún un, ẹ ti fáàfù ike, kí pọ́ǹpù máa fa omi láti inú abẹ́rẹ́ nìkan. Ẹ ka ìṣẹ́jú kan géérégé, kí ẹ kọ iye tó fà sílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí géèjì páìpù wà ní 2, kí ẹ rọra máa ti fáàfù tó wà níwájú lórí páìpù omi ńlá títí géèjì á fi dé 3, lẹ́yìn náà 4. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ibì kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí prẹ́ṣọ̀ ṣe ń gòkè, àtẹ̀sẹ́yìn awọ ni. Bí ó bá ti wálẹ̀ gidi ní bar 2, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní 4, afẹ́fẹ́ ni. Bí iye mẹ́ta tí ẹ rí ní prẹ́ṣọ̀ kan náà kò bá jọra, ìdọ̀tí ló wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ̀n dúró ní 2, ó dúró ní 3, ó dúró ní 4, tí klórínì inú omi ṣì ń yí, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀. Omi ló ń yí.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn wọ́pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Fílítà oníyanrìn yín ń dí láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, prẹ́ṣọ̀ iwájú rẹ̀ ń gòkè, omi tó ń kọjá sì ń dín kù. Bí omi bá dín kù tí klórínì kò dín, klórínì á pọ̀ jù. Ẹ fọ fílítà lọ́jọ́ Sátidé, omi á tú yàà, klórínì á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bákì-prẹ́ṣọ̀ kò lè tún ìyẹn ṣe. Mítà omi tó ń fi àmì iná ránṣẹ́ sí pọ́ǹpù ló lè tún un ṣe. Ìṣirò tiyín tilẹ̀ bọ́ sí i: lítà 6,000 ní wákàtí kan jẹ́ 100 ní ìṣẹ́jú kan. Mítà tó ń fi àmì kan ránṣẹ́ fún lítà kan á mú kí pọ́ǹpù lù lẹ́ẹ̀kan fún lítà kan. Bí omi klórínì yín bá jẹ́ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà 0.2 rẹ̀ gbé mílígíráàmù 2 dání, ó di mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, bóyá omi yára bóyá ó falẹ̀. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé WHO ń wò ni kí 0.5, ó kéré tán, ṣì ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, kó má sì ju 5 lọ. Ìṣẹ́jú 30 yẹn túmọ̀ sí pé táǹkì ńlá yín gbọ́dọ̀ ní omi lítà 3,000 nínú nígbà gbogbo.

Ẹ yẹ iná náà wò. Bí fóltéèjì bá wálẹ̀, òòfà inú àwọn pọ́ǹpù àtijọ́ kì í lágbára láti ti awọ dé òpin ní bar 4, á sì jọ pé prẹ́ṣọ̀ ló ń dà á láàmú. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iná ìjọba bá rẹlẹ̀ nìkan ni klórínì ń kéré, tí kì í ṣẹlẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀, sitábíláísà ni oògùn rẹ̀.

Ní ti ìdọ̀tí: ẹ̀tù klórínì oníkálísíọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ń lò, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 65, kílò 1.54 ló ń ṣe lítà 100 tó jẹ́ ìdá 1. Gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì ń le bí ẹfun. Ẹ pò ó nínú ike mìíràn, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú, kí ẹ rọra da omi tó mọ́ sínú ike pọ́ǹpù, kí ẹnu họ́ọ̀sì tó ń fà á sì ga ju ìsàlẹ̀ ike lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Bí bọ́ọ̀lù bá ti há, ẹ tú orí pọ́ǹpù, kí ẹ rẹ bọ́ọ̀lù àti òrùka rẹ̀ sínú ọtí kíkan funfun fún ìṣẹ́jú 15. Kí ọtí kíkan tó kàn wọ́n, ẹ ti gbọ́dọ̀ fi omi lásán fọ gbogbo klórínì kúrò lára wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ìta gbangba, torí ohun kíkan tó bá pàdé omi klórínì á tú gáàsì olóró sílẹ̀. Ẹ tún fi omi fọ wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, ẹ wo bí òrùka àti bọ́ọ̀lù ṣe tò. Ẹni tó bá dorí wọn kodò á tún padà wá sọ fún wa pé pọ́ǹpù ń lù, kò sì gbé nǹkan kan.